Ẹsẹ̀ Bàtà Méjìlélọ́gbọ̀n

Lójú ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi jó pọ̀
bọ́tìnnì kan wà tó ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí a bá yí i,
nọ́ńbà márùn-ún ló yí i ká:
méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ, mẹ́rin, méjì.
Àwọn ọ̀dọ́ tó ń rà á lọ́wọ́ mi kì í béèrè ìdí.
Bàbá mi nìkan ló rí i tó bú sẹ́rìn-ín.
"Ẹsẹ̀ bàtà ni," ó wí, "gígùn fèrè inú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì.
Ta ló fi òṣùwọ̀n wa han iná mànàmáná?"

Ogójì ọdún ni Vilnis fi ń rá wọ inú dùùrù ní Ríga,
tó ń fi àkísà nu eruku lẹ́nu fèrè:
èyí tó ga ju ilé wa lọ,
èyí tí kò tó ìka ọmọ ọwọ́.
Sọ gígùn di ìlọ́po méjì, dò a sọ̀ kalẹ̀ bá dò ìsàlẹ̀.
Gé e sí méjì, dò a gòkè lọ bá èkejì rẹ̀.

Tèmi kò gùn, kò kúrú. Tèmi kò mí.
Fólìtì kan, ohùn gun òkè láti dò dé dò.
Fólìtì kan sí i, ó tún gùn ún.
Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí.
Ìwé kò mọ oṣù Ṣẹ́rẹ́ létí odò Daugava,
nígbà tí yìnyín bá lẹ̀ mọ́ fèrèsé
tí ohùn tí mo tò láàárọ̀
ti yọ̀ kúrò láyè rẹ̀ kí omi tíì tó hó.

Ní àtẹ̀gùn kìíní, ó pé. Ní ìkejì, ó pé.
Ní ìkẹta ó purọ́ díẹ̀.
Nígbà tó fi máa dé ìkarùn-ún, ó ti wálẹ̀,
bí ẹni gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà tí orúnkún wá yẹ̀.
Síkúrù kan wà níbẹ̀, kò ju orí ìṣáná lọ.
Mo yí i sọ́tùn-ún, bí èékánná: òkè tọ́, ìsàlẹ̀ bàjẹ́.
Mo tún ìsàlẹ̀ ṣe, òkè bínú.
Austra tó ń gbé lókè ti fi igi gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
"Jẹ́ kó yáná ná," ni bàbá mi wí. "Òtútù ń mú dùùrù náà."
Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bo ẹ̀rọ.

Aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo yí bọ́tìnnì sí méjì, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan:
dò. Dò. Dò. Dò. Dò.
Wọ́n tò tẹ̀léra wọn, kò sí irọ́ kankan.
"Ó dé!" mo ké. "Bàbá, márààrún ló dé!"
Ó gbójú sókè láti ibi tíì rẹ̀.
"Mẹ́ta ni mo gbọ́."
Mo tún wọn tẹ̀.
"Mẹ́ta," ó na ìka rẹ̀ sí mi. "Ṣé àwọn yòókù ti bàjẹ́ ni?"

N kò dá a lóhùn.
Odidi ọjọ́ kan ni mo fi wá ohùn méjì
tó ti fi etí rẹ̀ sílẹ̀ láì dágbére.

Mo yí bọ́tìnnì padà, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́,
títí dé méjìlélọ́gbọ̀n.
Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Tíì rẹ̀ hunjọ lójú.
Ó dìde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà
bí ẹni ń fọwọ́ kan ọrùn ẹṣin.
"Mo mọ eléyìí," ó wí. "Apá àríwá ni wọ́n gbé e sí.
Eku ló jẹ awọ rẹ̀. Èmi ni mo rán an."

A dúró bẹ́ẹ̀. Austra kò gbá ilẹ̀.
Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó mi orí:
"Ó ti ń wálẹ̀."
Etí mi kò gbọ́ nǹkan kan.
Mo wo ojú mítà.
Ọwọ́ rẹ̀ kò purọ́.